Ẹni Tó Máa Jẹ́rìí fún Ṣàfíù

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Ṣàfíù Àkàngbé ṣe ṣiṣẹ́ tó ní ọdún 1974, kó má wulẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìdí ṣòkòtò rẹ̀ ni kó lọ wò. Ṣòkòtò pénpé aláwọ̀ ewé kan ni, èyí tó fi ń kànṣẹ́, tí wọ́n rán ìlà funfun sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Láàárín oṣù mẹ́rin péré, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n tú ìdí ṣòkòtò náà tí wọ́n tún un rán, nítorí pé ẹran ara ọmọkùnrin náà ń lọ, egungun àti iṣan nìkan ló ń ṣẹ́ kù. Saidat ló ń tú u, Saidat náà ló ń rán an. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Shakirat, àbúrò bàbá rẹ̀, ni Saidat ti ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ní Ìdí-Òrò ní Mushin. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà gan-an ni àgbàlá tí Kóòṣì Theophilus ti ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin ní ẹ̀ṣẹ́ kíkàn. Bí ìrọ̀lẹ́ bá ti ń lẹ́, gbì, gbì, gbì lèèyàn á máa gbọ́, àpò iyanrìn tí wọ́n so kọ́ igi máńgòrò ni wọ́n ń lù bí ẹni pé ó bú bàbá wọn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí Ṣàfíù gbé ṣòkòtò náà wọlé, Àǹtí Shakirat ti lọ ra òwú. Saidat nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ.

“Ẹ bá mi fún ìdí rẹ̀ pọ̀,” Ṣàfíù ní. “Ó fẹ́ máa já bọ́ lára mi níwájú èrò.”

Saidat mú téèpù, ó wọn ìdí rẹ̀, kò gbójú sókè. “Méjìlélọ́gbọ̀n. Ṣé ẹ kì í jẹun ni, Bọ̀dá?”

“Mò ń jẹun. Iṣẹ́ náà ló ń jẹ èmi náà.”

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó tún dé. “Ọgbọ̀n géérégé,” Saidat ní. “Bó bá tún dín sí i, ẹ kàn mú okùn bàtà ká a mọ́ra yín.” Ó rẹ́rìn-ín, Ṣàfíù náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé lẹ́ẹ̀kẹta, téèpù kò yẹ̀ síbì kankan.

“Ìdí yín kò kúrò níbi tó wà.”

“Mo mọ̀.”

“Kí lẹ wá gbé ṣòkòtò wá fún?”

“Kó o lè wọ̀n mí ni.”

Saidat ká téèpù náà mọ́ ìka, ó tú u, ó tún ká a. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ wọn ti di ọ̀rọ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ṣàfíù nígbà náà. Abúlé kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí i sí, ó sì ti pé ọdún mẹ́fà tó ti dé Èkó. Ẹrù ló ń rù nílé ìkẹ́rùsí ní Ìjọra, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà rélùwéè. Kó tó lọ síbẹ̀, bó bá ti kírun àsùbáà tán, á sáré láti Mushin gba Ojúẹlẹ́gba, á gba Ìpọ̀nrí, títí á fi dé Ìjọra, inú òfìfo. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wọ àgbàlá Kóòṣì, á lu àpò iyanrìn títí awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ á fi bó. Àárọ̀ tó lé ní ẹgbàá ló fi sáré bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tí ẹnikẹ́ni pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ó ti na gbogbo ẹni tó yẹ kó nà. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Ọ́kítóbà, ó máa jà fún bẹ́líìtì àṣẹgun ní gbọ̀ngàn pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè.

Kò pẹ́ tí Àǹtí Shakirat fi mọ̀. “Saidat,” ó ní lọ́jọ́ kan, “gbogbo Mushin yìí, ṣé ṣòkòtò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ ni?”

Saidat bojú wolẹ̀.

“Má bojú wolẹ̀ fún mi. Ṣé ó ti sọ̀rọ̀ ilé?”

“Ó ti sọ ọ́, Àǹtí.”

“Ó dáa. Èmi ni n óò gbé e tọ bàbá rẹ lọ. Bí òun fúnra rẹ̀ bá lọ, pẹ̀lú imú tí ẹ̀ṣẹ́ ti tẹ̀ yẹn, wọ́n á rò pé olè ló wọlé.”

Àlàájì Tìrìmísíyù, bàbá Saidat, ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Páànù ìbolé ló ń tà ní Ìpọ̀nrí, Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló kọ́lé sí, ìlà àkọ́kọ́ ló sì máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀ ọ́. “Ẹni tó jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ lù ú lójú kó tó jẹun, òun lo fẹ́ kí n fa ọmọ mi lé lọ́wọ́?” Àǹtí Shakirat dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà ti forí ru páànù kiri Èkó rí, bàbá ìyàwó yín kò sì lé yín.” Lẹ́ẹ̀kẹrin, Àlàájì ní kí ọmọkùnrin náà wá.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ṣàfíù jókòó sétí àga ní pálọ̀, ó kó ọwọ́ méjèèjì sáàárín orúnkún, kí bàbá má bàa rí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ tó bó.

“Mo gbọ́ pé inú oṣù ààwẹ̀ lo máa jà,” Àlàájì ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Àwọn aláṣẹ ló mú ọjọ́.”

“Ṣé wàá gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà?”

“Mo ní kí n gbà á padà lẹ́yìn ìtúnu ni, Bàbá.”

“Bí gbogbo yín ṣe máa ń wí nìyẹn. Ẹ máa ń ní kí Ọlọ́run jọ̀ọ́ dúró ná, ẹ fẹ́ lọ jà. Ẹni tó lè ní kí Ọlọ́run dúró, kí ni kò ní sọ fún ìyàwó?” Àlàájì fa tẹ̀sùbáà rẹ̀ kọjá ní ẹyọ mẹ́ta. “Gbọ́. Gba ààwẹ̀ náà, kó o sì jà. Bó o bá ṣe é, n óò mọ̀ pé o lè gbé ilé ró, Saidat á sì di tìrẹ. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ààwẹ̀ tí èèyàn bá ń gbé kiri kí wọ́n lè yìn ín, kò ní láádá mọ́. Má sọ fún olùkọ́ rẹ, má sọ fún Shakirat, má sọ fún ọmọbìnrin náà pàápàá. Àárín èmi, ìwọ àti Ọlọ́run ni.”

Nígbà tí Ṣàfíù ń lọ sílé, ó rò ó. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ìjà, ipele mẹ́wàá ni, ilé ìjà máa gbóná. Ó tún rò ó pé láti ọdún 1968 lòun ti ń fi inú òfìfo sáré dé Ìjọra. Kí ni ebi tuntun fẹ́ ṣe fún òun tí ti àtijọ́ kò tíì ṣe? Ohun tó rò nìyẹn. Kò rántí pé bó bá dé Ìjọra, kó tó gbé ẹrù kan, búrẹ́dì àti omi tútù ni nǹkan àkọ́kọ́ tó máa ń wá.

Láàárọ̀ Sátidé náà, mọ́ṣáláṣí Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló ti lọ kírun àsùbáà, kí Àlàájì lè rí i. Nígbà tí wọ́n sálámà tán, Àlàájì bá a níbi tó ti ń wá bàtà rẹ̀.

“Ṣé o gbààwẹ̀ lónìí?”

“Mo gbà á, Bàbá.”

“Ọlọ́run á gbà á.” Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká. Ìgbà àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn án nìyẹn, Ṣàfíù sì gbé ìwúwo ọwọ́ náà lọ títí ó fi dé Mushin, bí ẹni tí wọ́n ti fún níyàwó.

Lọ́sàn-án, Kóòṣì Theophilus po gúlúkóòsì sínú ìgò omi kan nínú ilé rẹ̀, ó pò ó títí ó fi ki. Kìrìsítẹ́nì ni Kóòṣì, bó bá sì gbọ́ pé Ṣàfíù gbààwẹ̀, kò ní jẹ́ kó jáde nílé. “Mu ún tán pátápátá,” ó ní. “Òun ló máa gbé ọ dé ipele kẹwàá.” Ṣàfíù gbé ìgò náà lọ sẹ́yìn ilé, ó da gbogbo rẹ̀ sídìí ògiri, ó fẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó gbé ìgò òfìfo padà wá.

“O káre,” Kóòṣì ní.

Inú gbọ̀ngàn gbóná bí inú ààrò. Èrò kún títí dé ẹnu ọ̀nà, ìdajì wọn ló jẹ́ pé Mushin ni wọ́n ti wá, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè. Ọmọkùnrin kan láti Bìní ló bá a jà. Ní ipele àkọ́kọ́ dé ìkẹta, Ṣàfíù nà án bí ẹni ń na àpò iyanrìn. Bó bá ti jókòó fún ìsinmi, Kóòṣì á da omi sí i lẹ́nu, òun á fi yọ ẹnu, á sì tu gbogbo rẹ̀ sínú korobá. Gbogbo akànṣẹ́ ló ń tutọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó fura. Ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ mọ omi náà, ó mọ bó ṣe tutù tó, ó sì mọ ìgbà tó padà jáde.

Ní ipele karùn-ún, iná tó wà lókè di méjì, ó di mẹ́rin. Ariwo èrò wá ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí ìgbà tí èèyàn bá wà lábẹ́ odò. Ọmọ Bìní náà ju ọwọ́ kan. Èjìká ló bà, kò sì le ju bí èèyàn ṣe máa fọwọ́ ta ẹni tó ń sùn kó lè jí. Ṣàfíù ṣubú. Ó gbọ́ bí rẹfirí ṣe ń kà á. Ó ní kí ẹsẹ̀ òun dìde, àmọ́ ẹsẹ̀ náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́.

Gbogbo gbọ̀ngàn ló rí i pé ọwọ́ náà kò bà á lágbọ̀n. Ẹnì kan wá sọ ọ́ láti ẹ̀yìn pé, “Ó ti ta ìjà náà.” Ẹni kejì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Èèpo ọsàn bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀ lára rẹ̀. Kó tó dé yàrá tó ti máa wọṣọ, orúkọ tuntun ti wà nílẹ̀ fún un, Àkàngbé Atajà. Bẹ́ẹ̀ náà ló jókòó síbẹ̀, bàtà kan lẹ́sẹ̀, kò fẹnu kan omi títí oòrùn fi wọ̀, nítorí pé ó ti ṣèlérí.

Ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ náà, Kóòṣì Theophilus ni ẹnì kan ṣoṣo tó ń bá àwọn èèyàn jà sí i. “Ó rẹ ọmọ náà ni. Ẹ̀yin ẹ lọ gba ẹ̀ṣẹ́ kan wò ná.” Lọ́jọ́ kejì, ó lọ sẹ́yìn ilé kó lọ bọ́jú. Ó rí èèrà tó tò lọ rẹrẹẹrẹ sídìí ògiri. Ó fọwọ́ wa iyẹ̀pẹ̀ ibẹ̀, ó fi ìka tọ́ ọ wò. Ó dùn. Ó padà wọlé lọ bá Ṣàfíù, tó sùn sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́jú.

“Ọdún mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ,” ó ní. “Mi ò kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń ṣubú.”

Àwọn aláṣẹ ẹ̀ṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Kóòṣì sọ ohun tó rí, omi lójú rẹ̀. Ẹni tó da oúnjẹ agbára nù lọ́jọ́ ìjà, tó sì purọ́ pé òun mu ún, kí ni wọ́n fẹ́ pè é? Ibẹ̀ ni Ṣàfíù ti tú àṣírí náà. “Ààwẹ̀ ni mo gbà,” ó ní. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Alága wọn kò rẹ́rìn-ín. “Ta ló máa jẹ́rìí sí i?” Ṣàfíù dárúkọ Àlàájì. Wọ́n fún un lọ́sẹ̀ méjì. Bí Àlàájì bá wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, wọ́n á wẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí kò bá wá, Ṣàfíù kò tún gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ ẹ̀ṣẹ́ mọ́ láyé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì ọjọ́ kejì, ó wà ní pálọ̀ Àlàájì.

“Ẹ kàn máa sọ pé ẹ rí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà ni, Bàbá. Gbólóhùn kan ni.”

“Gbólóhùn kan tó máa bí mélòó?” Àlàájì ní. “Wọ́n á ní ta ló ní kó gbà á. Èmi ni. Wọ́n á ní ta ló ní kó má sọ. Èmi náà ni. Lèmọ́mù á bi mí pé ta ló fi mí jẹ adájọ́ lórí ọmọ ọlọ́mọ. Gbogbo Mushin tó gbẹ́kẹ̀ lé ọ á sì wá tò sẹ́nu ọ̀nà mi. Àgbà ni mí ládùúgbò yìí.”

“Ṣùgbọ́n òótọ́ ni, Bàbá.”

“Mi ò sọ pé irọ́ ni.” Àlàájì wò ó lójú fún ìgbà àkọ́kọ́. “Ohun tí mo ní kó o ṣe lo ṣe. Mo mọ̀. Nítorí náà, bó bá jẹ́ orúkọ rẹ lo fẹ́, n óò lọ. Èmi kì í purọ́. N óò lọ sọ ọ́ níwájú wọn, kí ojú mi tì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ojú tì mí kò lè jẹ́ àna mi. Bó bá sì jẹ́ Saidat lo fẹ́, a ó so yìgì lọ́jọ́ kẹta ìtúnu, wẹ́rẹ́. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ yẹn kò sì gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ mọ́ títí n óò fi kú. Mú ọ̀kan.”

Aṣọ ìkélé tó wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá mì díẹ̀. Ṣàfíù rò pé atẹ́gùn ni. Ó rántí gbogbo àárọ̀ tó fi sáré, afárá, òkùnkùn, òtútù. Ó rántí téèpù tó tutù ní ìdí rẹ̀, àti orí ọmọbìnrin tó tẹ̀ sílẹ̀ láti ka nọ́ńbà.

“Saidat,” ó ní.

Kò tún padà lọ bá àwọn aláṣẹ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, rédíò ka orúkọ rẹ̀ fún gbogbo ìlú, pé wọ́n ti lé e kúrò nídìí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn.

Ní ọjọ́ méjì ṣáájú yìgì, Saidat wá bá a lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. “Bọ̀dá Ṣàfíù,” ó ní, “mi ò fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé ohunkóhun. Ohun yòówù tí ẹ bá ṣe níbẹ̀, mo ti forí jì yín.”

Ṣàfíù ti ń retí pé Saidat máa sọ pé òun kò gbà gbọ́ pé ó ta ìjà náà. Ìyẹn nìkan ló ń retí. Bó bá gbá a létí, kò ní dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó rántí ìlérí tó ṣe fún Àlàájì. “O ṣé,” ó ní.

Lọ́jọ́ yìgì, Lèmọ́mù ní kí ọkùnrin méjì jẹ́rìí. Àwọn mẹ́fà ló nawọ́. “Ẹlẹ́rìí ti pọ̀ jù,” Lèmọ́mù ní, gbogbo pálọ̀ sì rẹ́rìn-ín. Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Ṣàfíù ń wo ilẹ̀.

Yàrá kan ní Ìpọ̀nrí ni wọ́n gbà. Ìjọra ni Ṣàfíù ń lọ, ẹrù ló ń rù. Bó bá fẹsẹ̀ kọ lábẹ́ àpò sìmẹ́ńtì, ẹnì kan á bi í pé, “Atajà, èló ni wọ́n fún ẹ láti ṣubú lọ́tẹ̀ yìí?” Àwọn yòókù á sọ ẹrù wọn kalẹ̀ kí wọ́n lè ráyè rẹ́rìn-ín. Ṣàfíù á gbé àpò náà lọ. Nígbà míràn, ó máa ń rò ó pé ọ̀nà tí iṣẹ́ gbà wọ ara òun yàtọ̀ sí ọ̀nà tí ìtìjú gbà. Iṣẹ́ ọdún mẹ́fà wọ inú iṣan lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni kò lè rí i. Ìṣubú ẹ̀ẹ̀kan dúró síwájú orí, ọmọ ọlọ́mọ tí kò sí níbẹ̀ pàápàá lè kà á. Títí di ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti pe ìrun àsùbáà, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ṣì máa jà lórí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹni tó fẹ́ sáré.

Saidat tọ́jú rẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin kan fún un, Nimota. Ọbẹ̀ rẹ̀ kì í tẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í le. Bí wọ́n bá bú Ṣàfíù lójú ọ̀nà, á ní, “Bàbá Nimota, ẹ má dá wọn lóhùn. Ọlọ́run ti forí jì yín, èmi náà ti forí jì yín.” Ó máa ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe ń bu oúnjẹ. Ṣàfíù á sì jẹ méjèèjì pọ̀. Àlàájì náà ṣe dáadáa sí i, ó fi páànù ránṣẹ́ nígbà tí òrùlé ń jò, kò sì sọ ọ̀rọ̀ kan tó burú sí i rí. Ṣùgbọ́n bí oṣù ààwẹ̀ bá ti dé, kì í wo Ṣàfíù lójú títí oṣù náà á fi wọ̀.

Oṣù kìíní ọdún 1978 ni Àlàájì kú. Lọ́jọ́ kẹjọ, tí wọ́n ṣe fidáù rẹ̀, àwọn àáfáà wà ní pálọ̀, wọ́n ń jẹ sàárà, wọ́n ń ròyìn ìwà rere olóògbé. Ṣàfíù lọ bá Saidat lẹ́yìnkùlé, níbi tó ti ń fọ àwo.

“Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ títí Bàbá yóò fi kú.”

Saidat kò dáwọ́ dúró. “Mo mọ̀ ọ́n.”

“O ò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ ìjà yẹn…”

“Ẹ gbààwẹ̀. Bàbá ló ní kí ẹ gbà á. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni mo wà lọ́jọ́ tí wọ́n ní kí ẹ mú ọ̀kan.”

Ṣàfíù jókòó sórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. “Ó lé lọ́dún mẹ́ta tó o ti ń forí jì mí.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Lórí ohun tó o mọ̀ pé mi ò ṣe.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.” Ìgbà yẹn ló tó gbé àwo sílẹ̀. “Ẹ̀rù bà mí. Bí mo bá sọ pé mo mọ̀, mo gbọ́dọ̀ lọ dúró níwájú àwọn èèyàn, kí n dárúkọ bàbá mi. Ó rọrùn fún mi kí n máa forí jì yín. Mo rò pé bí mo bá ṣáà ti ń tọ́jú yín, ọ̀kan náà ni wọ́n á jẹ́.”

Ṣàfíù fẹ́ bínú. Ó wá ìbínú náà títí nínú ara rẹ̀, kò rí ibi tó wà. Ohun tó bá níbẹ̀ ni pé ó ti rẹ̀ ẹ́. “Ìwọ wá ni ẹlẹ́rìí mi,” ó ní.

“Èmi ni.”

“Ṣé wàá sọ ọ́ níwájú Kóòṣì?”

Saidat gbọ́ ohùn àwọn àáfáà nínú ilé, wọ́n ń tọrọ àlùjánnà fún bàbá rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí ogójì ọjọ́ wọn pé ná.”

Ṣàfíù ka ọjọ́ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kọkànlélógójì, ó wọ ṣáàtì funfun, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé Saidat kò ní jáde. Saidat jáde. Ó ti da ìborùn borí, ó gbé Nimota fún aládùúgbò, ó sì mú nǹkan kan tó fi bébà wé lọ́wọ́.

Abẹ́ igi máńgòrò náà ni wọ́n ti bá Kóòṣì Theophilus. Ojú rẹ̀ kan ti funfun, àpò iyanrìn ti já, àwọn ọmọkùnrin tó ṣẹ́ kù kò ju mẹ́ta lọ. Láti ọjọ́ èèrà yẹn, òun àti Ṣàfíù kò tíì bára wọn sọ̀rọ̀. Saidat kúnlẹ̀. Ó sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: pálọ̀, mọ́ṣáláṣí, gúlúkóòsì, aṣọ ìkélé. Ó dárúkọ bàbá rẹ̀ láìfi ohunkóhun bò. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó tú bébà náà. Ṣòkòtò pénpé aláwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀.

“Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mo tú ìdí ṣòkòtò yìí, Bàbá. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo fi í sí kẹ́yìn. Ẹni tó ti mọ̀ pé òun máa ṣubú, kí ló fẹ́ fi gbogbo ìyà yẹn ṣe?”

Kóòṣì gba ṣòkòtò náà. Ó fi àtàǹpàkò tọ ipa òwú tí wọ́n tú tí wọ́n tún rán, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi kà wọ́n dé márùn-ún.

“Àlàájì náà ńkọ́?” Kóòṣì ní.

“Wọ́n ti kú, Bàbá.”

“Ta ló tún gbọ́ ọ?”

“Èmi nìkan.”

Kóòṣì mi orí. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, Ṣàfíù ló kọjú sí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀ bí ìgbà àtijọ́. “Àkàngbé, ìyàwó rere lo ní. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Obìnrin tó lè kó gbogbo èyí jọ nítorí ọkọ rẹ̀, tó tún lè kúnlẹ̀ sọ ọ́ fún àgbàlagbà.”

“Òótọ́ ni mò ń sọ, Bàbá,” Saidat ní.

“Mo mọ̀, ọmọ mi. Mo mọ̀. Bí ìyàwó tèmi bá wà láyé, ohun tí òun náà máa sọ nítorí mi nìyẹn.” Ó ká ṣòkòtò náà dáadáa, ó dá a padà sí i lọ́wọ́. “Ẹ má gbé e kiri mọ́. Ó ti pẹ́. Èmi ti forí jì í.”

Ọ̀nà tí Ṣàfíù máa ń sáré gbà nígbà kan ni wọ́n gbà padà sílé. Wọ́n rìn dé Ojúẹlẹ́gba. Ibẹ̀ ni Saidat ti dúró, bí ẹni tí nǹkan gún lẹ́sẹ̀. Èèyàn ń yà fún wọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì.

“Kò bú mi,” ó ní. “Kò pè mí ní òpùrọ́. Ó kàn forí jì wá.”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ṣé bó ṣe máa ń rí lára yín nìyẹn?”

Ṣàfíù rò ó. Ó wò ó pé bóyá kí òun sọ ohun tó rọ̀ ju èyí lọ. “Bó ṣe máa ń rí nìyẹn,” ó ní.

Saidat ti ṣòkòtò náà sábẹ́ ìborùn rẹ̀, wọ́n sì bá ọ̀nà wọn lọ. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá bú ọkọ rẹ̀ lójú ọ̀nà, tó sì ń bu oúnjẹ fún un lálẹ́, kò tún sọ fún un mọ́ pé òun ti forí jì í.